Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Kò Sọ

Ọjọ́rú, 3 Júláì 1996

Òjò láti àárọ̀. Oṣù kẹta rèé tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ológun tó ń ṣèjọba kò sì bojú wo ẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ti ń ta búrẹ́dì, àwọn kan ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi padà sí Odigbo, mo ń bá Bàbá ká kòkó tó ti dúdú kúrò lórí igi. Iṣẹ́ tí èmi àti Joana ará Brazil àti Marja ará Finland jọ ń ṣe nìkan ló kù tó ń rán mi létí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Olùkọ́ mi ní ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò kàn án, nítorí ilé ẹ̀kọ́ Marja ló ń darí rẹ̀. Bí a bá parí ìwé wa kí Sẹ̀tẹ́ńbà tó tán, wọ́n á kà á mọ́ iṣẹ́ oyè másítà mi.

Ohun tí wọ́n ní kí a wádìí ni bí ilẹ̀ ṣe lè máa bọ́ ènìyàn títí láì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé oko Bàbá mi ni n ó fi dáhùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ mo ka ìbéèrè wọn fún Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ló fẹ́ mọ bí òun ṣe ń gbin kòkó. Mo ní bàbá Joana náà gbin kòkó, kòkó rẹ̀ sì ń kú lọ. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ní kí n tún un kà.

Àbámẹ́ta, 6 Júláì

Ore. Iná kò sí. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n kọjá sísọ, síbẹ̀ Límátù tó ń báni tẹ̀wé tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí tèmi. Ó tẹ ìdáhùn Bàbá, tí mo ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, sínú kọ̀ǹpútà, ojú ewé mẹ́ta, ó tẹ ẹ̀dà kan jáde sórí ìwé fún mi, ó wá kó gbogbo rẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní bàbá mi lẹ́nu.

Mo fi ọ̀rá we dísíkẹ́ẹ̀tì náà, mo gbé e fún Yàhàyá awakọ̀ ní gáréèjì, ó fi í sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Ní Èkó, á gbé e fún Oyin, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Odigbo, tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ń gba orí wáyà tẹlifóònù fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òkè òkun. Bí èsì bá dé, Oyin á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Yàhàyá á gbé e bọ̀. Marja rò pé inú yàrá mi ni kọ̀ǹpútà wà. N kò sọ fún un pé ẹni mẹ́ta ló ń mọ ohun tí mo kọ kí òun tó rí i.

Àìkú, 14 Júláì

Èsì dé. Joana kọ ojú ewé méjì nípa àrùn tó wọ oko wọn. Ó ní ẹ̀ka kòkó á wú, á hu ọwọ́ kéékèèké jọ, á wá gbẹ bí ìgbálẹ̀. Wọ́n ti ń gé àwọn igi ńlá tó wà nínú oko tà kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá lẹ́yìn ìsìn. Ó béèrè bóyá wọ́n ń ri àwọn èso tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀ àbí wọ́n kàn ń dà wọ́n sídìí igi. Ó ní kí n bá òun kí bàbá Joana dáadáa, nítorí ẹni tí oko ń kú mọ́ lọ́wọ́ kì í sùn. Láti òní ló ti ń pe Joana ní ọmọ òun. Mo ní bó bá rí i kò ní í gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ṣé èmi tí mo gbọ́ ọ náà ń ṣe é ni?

Ọjọ́bọ̀, 18 Júláì

Àwọn onígẹdú tún wọ oko wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi afàrà mẹ́rin etí odò láì bi ẹnikẹ́ni. Bàbá fi àdá họ ọ̀dà náà kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ nídìí ìkẹrin nítorí èémí ń wọ́n ọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá òun ṣe é, kò gbà.

"Kọ ọ́ fún wọn," ó ní, nígbà tó jókòó tán. "Igi etí odò kì í ṣe tèmi. Omi ló ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé wọn, odò á gbẹ, kòkó ìsàlẹ̀ á sì tẹ̀lé e."

Mo bi í pé bí ebi bá dé ńkọ́. Ó ní ebi ti dé rí, òun kò gé wọn.

Kò dárúkọ Bùrọ̀dá Akínwọlé, àkọ́bí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyí, ni Bùrọ̀dá ti ní kí a tà wọ́n, tí Bàbá ní kó jáde ní oko òun. Bùrọ̀dá lọ sí Màìdúgùrì, ibẹ̀ ló ti ń jó irin. Kò wálé mọ́, Bàbá kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wà ní Ore tí ọkọ̀ àlùbọ́sà láti òkè Ọya bá dúró, á máa wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, 25 Júláì

Àwọn sójà dá Yàhàyá dúró lọ́nà Èkó, wọ́n gba dísíkẹ́ẹ̀tì wa, wọ́n ní ìwé àwọn alátakò ìjọba ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kòkó ni. Ọ̀kan nínú wọn ní bàbá òun náà gbin kòkó, ó béèrè iye tí wọ́n ń rà á ní Ore, ó ṣépè fún àwọn tó ń rà á bẹ́ẹ̀, ó dá dísíkẹ́ẹ̀tì padà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bá a.

Ọjọ́bọ̀, 1 Ògọ́ọ̀sì

Ẹsẹ̀ Bàbá wú. Bó bá dùbúlẹ̀, kò lè mí. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òǹdó. Oògùn kò sí ńlẹ̀, ìwé ni wọ́n ń kọ fún wa pé ká lọ rà á wá. Ó béèrè bóyá ìwé Joana ti dé. Mo ní kò tíì dé.

Ajé, 5 Ògọ́ọ̀sì

Bàbá ti kú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

N kò lè kọ ju báyìí lọ.

Ìṣẹ́gun, 6 Ògọ́ọ̀sì

Bàbá Oyèlọlá, àbúrò Bàbá, ló pàṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ kí àkọ́bí tó gbọ́. Bó ṣe ń rí nínú ẹbí wa nìyẹn. Ọkùnrin tó bá gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ lẹ́nu ará ọjà, ẹbí ti dójú tì í, ojú kan náà kọ́ ni yóò tún fi wo ẹbí mọ́. Wọ́n ti fi lẹ́tà rán awakọ̀ àlùbọ́sà kan sí Màìdúgùrì pé ara Bàbá kò yá, kí Bùrọ̀dá máa bọ̀. Títí yóò fi dé, Bàbá wà lórí ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Mọ́ṣúárì ló wà.

Màmá kò gbọdọ̀ tú irun rẹ̀. Èmi kò gbọdọ̀ wọ aṣọ dúdú. Mo ní ẹkún ń gbọ̀n mí. Bàbá Oyèlọlá di ọwọ́ mi mú.

"Ọma mi," ó ní, "ẹkún kò ní í wọ́n wa. Tọ́jú tìrẹ."

Àìkú, 11 Ògọ́ọ̀sì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe orúkọ Bàbá láàárín àwọn aláìsàn. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé e dìde lórí àkéte àìsàn. Màmá ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Mo rò pé ilẹ̀ á lanu.

Ajé, 12 Ògọ́ọ̀sì

Yàhàyá mú ìwé Joana wá. Ó fi ọsàn mẹ́wàá lé e, ó ní kí n gbé e fún Bàbá ní Òǹdó, kí n ní Yàhàyá ń kí i. Nísàlẹ̀ ìwé náà Oyin fi bírò kọ ọ́ pé ìyá òun ti sọ fún òun pé Bàbá wà ní ọsibítù, pé òun ń gbàdúrà.

Ìwé Joana kò gùn. Bàbá rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Ó ti fi oko lé e lọ́wọ́, ó ní kó pinnu igi tí wọ́n yóò gé bí wọn kò bá fẹ́ ta ilẹ̀. Joana ní òun kò lè sùn. Ó ní kí n bi Bàbá léèrè: bí ìyà bá ká a mọ́, èwo ni yóò kọ́kọ́ gé? Bó bá sì jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló máa mú àáké, kí ni yóò sọ fún un?

Bí mo bá kọ̀wé pé Bàbá ti kú, Límátù ni yóò tẹ̀ ẹ́, Yàhàyá ni yóò gbé e, Oyin yóò kà á. Ìyá Oyin ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo Odigbo á ti gbọ́, Bùrọ̀dá á sì wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìṣẹ́gun, 13 Ògọ́ọ̀sì

Mo dáhùn ní orúkọ Bàbá.

Àwọn ìdáhùn kékeré tí mo fún Marja ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà nínú ohun tó ti sọ fún mi rí, n kò fi nǹkan kan kún un. Ti èyí kò sí níbì kankan. Mo mọ ohun tó máa sọ. Yóò ní kí ó má gé ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ń rí ọmọbìnrin yẹn tó jókòó ti bàbá rẹ̀ tí kò lè dìde, bí èmi náà ṣe jókòó, mo wá rò pé kí ni ìwúlò òtítọ́ tí yóò tún dá a lẹ́bi? Mo fẹ́ tù ú nínú. Mo kọ ọ́ báyìí: "Bó bá jẹ́ Akínwọlé ọmọ mi ni, n ó ní kó gé mẹ́rin etí odò, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti ṣe tiwọn. Kí ọkàn rẹ̀ má sì dá a lẹ́bi. Mo fọkàn tán an."

Límátù tẹ̀ ẹ́. Omi lé sójú rẹ̀. Ó ní inú òun dùn pé ara Bàbá ti ń yá tó fi lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú àwọn yòókù.

Àbámẹ́ta, 17 Ògọ́ọ̀sì

Ní àràárọ̀ ni Màmá ń se ẹ̀kọ mímu, á dà á sínú fúláàsì, á gun ọ̀kadà lójú gbogbo ènìyàn pé òun ń lọ sí ọsibítù. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ń lọ. Ó ń jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán, á wá padà wálé. Lónìí mo ṣí fúláàsì náà láti fọ̀ ọ́, ẹ̀kọ náà kún un dẹ́nu. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dà á nù tàbí kó mu ún. Ó ní ti Bàbá ni.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ògọ́ọ̀sì

Òjò ò dá. Kòkó ń dúdú lórí igi, oògùn rẹ̀ ti gbówó lórí ju kòkó fúnra rẹ̀ lọ. Èsì Marja dé. Ó ní ìdáhùn Bàbá ni ọ̀rọ̀ tó dára jù nínú gbogbo ohun tí àwa mẹ́ta ti kó jọ, pé kí a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiwa lójú ìwé àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ni, n bá sáré lọ sóko lọ sọ fún un.

Àbámẹ́ta, 24 Ògọ́ọ̀sì

Bùrọ̀dá Akínwọlé dé ní ọ̀sán. Mo wà ní Ore. Kí n tó dé ilé, Bàbá Oyèlọlá ti sọ fún un pé àná ni Bàbá kú. Àná. Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní irọ́ ìtùnú ni, ẹni tó fi ọjọ́ kan pẹ́ sàn ju ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ lọ, àná náà ni gbogbo ìlú yóò gbọ́. Ìgbe ta nílé wa ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gba Màmá láyè láti sunkún, ó sì sun ún dé ibi tí a fi mú un lápá méjèèjì.

Bùrọ̀dá ti rù. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ń bi gbogbo ènìyàn léèrè bóyá Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ajé, 26 Ògọ́ọ̀sì

Mo lọ sí ilé ìwòsàn lọ gba ìwé tí a ó fi gbé òkú. Nígbà tí mo padà dé ilé, Bùrọ̀dá jókòó sórí ibùsùn Bàbá, fáìlì mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá ló fi hàn án. Kò mọ̀wé, ohun tó mọ̀ ni pé inú fáìlì yẹn ni Bàbá ń sọ̀rọ̀ sí láti oṣù tó kọjá. Ìwé 13 Ògọ́ọ̀sì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kà á sókè fún mi, bí ẹni pé n kò rí i rí. Nígbà tó dé "mo fọkàn tán an," ó tún gbólóhùn náà kà.

N kò sọ nǹkan kan. Ọlọ́run, n kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 28 Ògọ́ọ̀sì

Ẹbí ṣèpàdé. Alàgbà ìjọ ni Bàbá, òkú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, owó kò sì sí. Bùrọ̀dá ní Bàbá ti sọ ohun tí a óò ṣe. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀: afàrà mẹ́rin etí odò. Ó ní orúkọ òun ni Bàbá dá sí i, òun kò ní í kọ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn onígẹdú.

Mo tẹ̀lé Bàbá Oyèlọlá dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ karùn-ún ni Bàbá kú. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Kò sọ ọ́."

Kò bínú.

"Ta ló kú lọ́jọ́ karùn-ún?" ó ní. "Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọjọ́ kẹtàlélógún ni. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá. Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òkú bàbá rẹ̀ fi wà nínú yìnyín, àwa sì ń jẹ, à ń mu? Àti pé ọ̀rọ̀ tó ń dì mọ́ àyà yẹn, ìwọ lo ṣe é?"

Mo ní igi náà ńkọ́. Ó ní igi á hù. Ó fi kún un pé òun náà kò fẹ́ kí wọ́n gé wọn, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, owó wo ni a óò fi sìnkú?

Òun ló dá irọ́ kan sílẹ̀, èmi dá èkejì sílẹ̀, méjèèjì sì gbe ara wọn lẹ́yìn. Mo bínú sí i. Mo bínú sí ara mi jù ú lọ.

Ọjọ́bọ̀, 29 Ògọ́ọ̀sì

Mo lọ bá Bùrọ̀dá lóko láti sọ ọ́. Mo ti tò ó lẹ́nu láti ìdájí. Ó ń rìn lábẹ́ àwọn afàrà, ó ń fọwọ́ kan ìdí wọn. Kí n tó la ẹnu, ó ní ọdún mẹ́fà ni òun fi rò pé Bàbá ti ṣépè fún òun. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí iná bá jó òun níbi iṣẹ́, òun á ní èpè Bàbá ni. Ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀ níbi tí ìwé náà wà. Ó ní ní báyìí òun lè sùn.

Mo ní kó wá jẹun.

Àbámẹ́ta, 31 Ògọ́ọ̀sì

Wọ́n gé wọn lónìí. Ẹ̀rọ ayùn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Èyí tó kẹ́yìn wó sórí kòkó, ó fọ́ igi kòkó mẹ́tàdínlógún. Mo kà wọ́n nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Oòrùn ń ta sórí omi níbi tí n kò rí oòrùn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Àbámẹ́ta, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

A sin Bàbá. Àwọn ènìyàn pọ̀. Póòsí rẹ̀ dára, oúnjẹ kárí. Bùrọ̀dá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá sí ọmọ ni. Àwọn àgbà ń sọkún. Yàhàyá ti Ore wá, ó wọ fìlà funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìsìn fi parí. Òun náà ń nu ojú. Mo jókòó sórí ìjókòó iwájú, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi. Mo pàdánù Bàbá lẹ́ẹ̀kejì lórí ìjókòó yẹn, nítorí ohùn rẹ̀ gan-an kò wá sí mi létí mọ́, tèmi ni mo ń gbọ́.

Àbámẹ́ta, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Iṣẹ́ ìwé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ìwé Joana dé; Oyin fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé láti Èkó. Kò tíì mọ̀ pé Bàbá kú. Lẹ́tà tí mo fi sọ fún un, Yàhàyá kò tíì gbé e lọ nítorí ọ̀wọ́n epo, ó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù Límátù. Joana ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó ní bàbá òun kọ̀ títí pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn igi ẹ̀bá omi, ṣùgbọ́n nígbà tí òun ka ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Odigbo fún un, ó ní bí ẹni tó mọ kòkó tó bẹ́ẹ̀ bá lè gé tirẹ̀, òun náà gbà. Òkètóbà ni wọ́n máa gé wọn, bí ọ̀nà bá ti gbẹ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ajé, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ní mò ń rò ó fún ọjọ́ méjì kí n tó mọ̀ pé kò sí ohun tí mo ń rò. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá kọ òtítọ́ sí Joana, Odigbo á gbọ́ ọ kí Brazil tó gbọ́. Bùrọ̀dá á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n igi tiwa ti wó, tiwọn dúró.

Mo lọ sí Ore, mo mú ìwé mi fún Límátù. Mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹtàlá kì í ṣe ti Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá ti kú ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú. Mo kọ ohun tó sọ ní tòótọ́ nípa igi àti omi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Mo ní kó lọ gbà fún bàbá rẹ̀ pé òun ló tọ̀nà. Mo sọ fún Marja pé kó yọ apá tèmi kúrò nínú ìwé bó bá rí i pé ó yẹ, kó sì yọ orúkọ Bàbá kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n fi í síbẹ̀.

Límátù ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní èmi kọ́ ni òun bá yọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ara Bàbá ti ń yá? Mo ní èmi ni. Kò wò mí mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó pa jẹnẹrétọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Yàhàyá ní epo ti wà, òun ń lọ lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Odigbo. N kò bi ẹni tó sọ ọ́. Bàbá Oyèlọlá gba iwájú ilé wa kọjá láàárọ̀, mo kí i, kò dáhùn.

Ní ọ̀sán Bùrọ̀dá wá bá mi níbi tí mo ti ń sá kòkó. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀. N bá tilẹ̀ fẹ́ kó lù mí. Ó mú ìwé náà jáde lápò, ojú ibi tó ti ká a ti fẹ́ já. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bi mí.

"Lọ́jọ́ tó kú gan-an, kí ló sọ nípa mi?"

Mo lè tún parọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n pa. Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan nípa yín, Bùrọ̀dá. Ó ní kí n fún òun lómi. Mo kọ̀yìn sí i láti bu ú. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ó ti lọ."

Ó dúró síbẹ̀. Adìẹ kan gun orí kòkó, kò lé e, èmi náà kò lé e. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi í padà sí àpò àyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá mi tẹ́ kòkó tó kù sí oòrùn.